Ẹ̀gbọ́n Mi Gba Káàdì Ìlera Méjì ní Amẹ́ríkà, Ṣé Kò Ní Dẹjọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Baltimore, tó fi takisí jẹun, ti ní káàdì Medicare, ètò ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe fún àgbàlagbà, láti ìgbà tó ti pé ẹni ọdún 65. Ìjọba tún ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní ti Medicaid. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní ẹni tó bá gba méjèèjì ń ja ìjọba lólè, ló bá ti tuntun náà bọ ìsàlẹ̀ àpótí. Ó wá fi fọ́tò ìwé kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp, dọ́là 1,400 ló wà nínú rẹ̀, a sì gbà pé gbèsè ìtọ́jú ni. A ti ń dáwó jọ níbí, a tilẹ̀ fẹ́ bù lára owó bíríkì ilé tí à ń bá a kọ́ ní Kétu. Kí ni ká ṣe?
Àbúrò rẹ̀, Ọjà Wàndó, Àjàṣẹ́

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ dá owó yẹn dúró ná. Àṣé Àjàṣẹ́ ló wá ń fowó ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà báyìí! Ojú wíńdò tí wọ́n ti ń gbowó ní ọsibítù kan ní Maryland ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó padà wálé, irú ìwé tí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí mi. Ẹ wo òkè rẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi kọ ọ́ pé kì í ṣe ìwé owó. Medicare ló fi ránṣẹ́, kí ẹ̀gbọ́n yín lè rí iye tí dókítà bèèrè, iye tí àwọn san, àti iye tó pọ̀ jù tí wọ́n lè ní kó san. Abẹ́ ohun tí dókítà bèèrè ni 1,400 yẹn wà. Ẹ fi ìka tọ ìlà náà lọ sọ́wọ́ ọ̀tún títí dé òpin: òdo ni.

Kò jalè kankan. Ọjọ́ kan náà, 30 oṣù keje 1965, ni Ààrẹ Johnson fọwọ́ sí òfin tó dá méjèèjì sílẹ̀. Owó orí tí ẹ̀gbọ́n yín ń san nídìí takisí ló fún un ní Medicare. Medicaid wà fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò tó nǹkan. Àgbàlagbà tí kò rí já jẹ lè bọ́ sínú méjèèjì, irú wọn sì tó mílíọ̀nù 12 níbẹ̀. Medicare á kọ́kọ́ san, Medicaid á gbé ìyókù. Èyí tó fi pamọ́ yẹn ló lè dá wàhálà sílẹ̀, torí bí ẹni tó jókòó ní wíńdò kò bá rí i, ẹ̀gbọ́n yín ló máa bi ní owó ìyókù. Méjèèjì ni kó máa nà sí wọn.

Kó tún bèèrè ètò QMB, tó ń bá ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan san owó Medicare. Ní 2025, ẹni tó ń dá gbé tí owó oṣù rẹ̀ kò ju dọ́là 1,325 lọ lè bọ́ sí i. Òun ló ń báni san owó tí Medicare ń gbà lóṣooṣù (dọ́là 185 ni ní 2025), òfin sì ní dókítà tó ń gba Medicare kò gbọdọ̀ bi ẹni tó wà nínú rẹ̀ ní owó ìyókù.

Ohun tó bà mí lẹ́rù nínú lẹ́tà yín ni ilé Kétu tí ẹ mẹ́nu bà fẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ń wò ó bóyá Medicaid tọ́ sí èèyàn, wọn kì í ka ilé tó ń gbé, àmọ́ ilé kejì wà lára dúkìá tí wọ́n ń wò, ìbáà wà ní òdìkejì òkun. Bó bá jẹ́ orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ìwé ilẹ̀, kó sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó fáìlì rẹ̀. Èyí tó bá fi pamọ́ nìkan ló lè sọ ọ́ di ẹlẹ́jọ́.

Bó bá ń bọ̀ wálé ọdún, kó di oògùn rẹ̀ wá. Kò sí èyí tó máa san owó ọsibítù níbí nínú káàdì méjèèjì. Lọ́dọọdún ni wọ́n sì ń yẹ Medicaid wò, kó má ṣe jẹ́ kí lẹ́tà wọn pẹ́ nílẹ̀ láìdáhùn. Ohun tí kò bá yé e, kó pe ọ́fíìsì SHIP ní Maryland, àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lórí Medicare, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń dáhùn.