Súṣì ní Ilé Oúnjẹ Àdúgbò: Kí Ni Mùsùlùmí Lè Jẹ Níbẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Àsàlámù àlékúmù, Ààfáà wa. Ọmọ Kábà ni mí, iṣẹ́ ló gbé mi dé Lọ́ńdọ̀nù. Ilé oúnjẹ súṣì kékeré kan wà ní àdúgbò wa tí kò wọ́n rárá, ibẹ̀ ni àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń lọ ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀. Ìrẹsì ni súṣì, wọ́n á gbé ẹja tí wọn ò sè lé e lórí, tàbí kí wọ́n fi ewé inú òkun wé e. Ìyá mi gbọ́, wọ́n ní òkú ẹran ni mò ń jẹ. Wọ́n ń ta bíà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè máa jẹ ẹ́? Mo tún fẹ́ ṣe é fún àwọn ará ilé tí mo bá wálé Iléyá, ẹja Lọ́kọ́jà ni mo ní lọ́kàn.

ÌDÁHÙN: Wà àlékúmù sàlámù wàráhámátúláhì wàbàràkátúhù. Ọmọ mi, ẹja lo bi mí, ẹja ló sì rọrùn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Omi dídùn tí wọ́n ń pè ní mírìn, tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ náà, ni kí o máa ṣọ́.

Ọlọ́hun sọ nínú Súrà Al-Máídà, áyà 96, pé ẹran inú omi àti jíjẹ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́ fún wa. Nígbà tí wọ́n bi Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) nípa omi òkun, ó ní omi rẹ̀ mọ́, òkú inú rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀tọ́. Abu Dawud àti Tirmidhi ló gbà á wá. A kì í dúńbú ẹja, kò sì sí ibi tí Ṣàríà ti ní ká sè é kí ó tó di ẹ̀tọ́. Àwọn ọmọ ogun Abu Ubayda, sàábé Ànábì, jẹ ẹja ńlá kan tí òkun gbé jù sí etídò fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nígbà tí wọ́n padà dé Mẹ̀dínà, Ànábì béèrè bóyá ó ṣẹ́kù, wọ́n fún un, ó sì jẹ níbẹ̀. Òkú ẹran tí Àlùkùránì kọ̀ fún wa, ti orí ilẹ̀ ni.

Bí ó bá rí ìyá rẹ lára, kí wọ́n má jẹ ẹ́, kò sí ẹ̀bi fún wọn. Wọ́n gbé dábù síwájú Ànábì rí, ẹran aṣálẹ̀ kan tó jọ awọ́nríwọ́n. Kò jẹ ẹ́. Wọ́n bi í bóyá èèwọ̀ ni, ó ní rárá, pé kò sí ní ilẹ̀ àwọn èèyàn òun ni, ọkàn òun kò fẹ́ ẹ. Khalid ọmọ Walid fà á sọ́dọ̀, ó jẹ ẹ́ lójú Ànábì. Ohun tí ọkàn kọ̀ yàtọ̀ sí ohun tí Ọlọ́hun kọ̀. Fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún ìyá rẹ, má bá wọn jiyàn.

Ọ̀nà Imam Málíkì tí àwa ń tẹ̀ lé nílẹ̀ yìí gba gbogbo ẹran inú òkun láàyè: edé, akàn, ìgbín òkun, títí dé octopus, ẹran òkun ọlọ́wọ́ mẹ́jọ nì. Àwọn ará Pakistan, Bangladesh àti Tọ́kì tí ẹ jọ ń kírun níbẹ̀ ń tẹ̀ lé Imam Abu Hanifa, ẹja nìkan ni tiwọn. Àwọn ìmáámù wọn kò tilẹ̀ fẹnu kò lórí edé. Bí wọ́n bá kọ octopus lójú rẹ, má ṣe sọ ọ́ di àríyànjiyàn.

Ó kan ìrẹsì wàyí. Fínígà ìrẹsì, ṣúgà àti iyọ̀ ni wọ́n ń pò mọ́ ìrẹsì súṣì. Fínígà jẹ́ ẹ̀tọ́. Ànábì yìn ín gẹ́gẹ́ bí ọbẹ̀, ó wà nínú Sahih Muslim, ọ̀nà Málíkì sì gbajúmọ̀ lórí pé ọtí tó ti di fínígà ti mọ́, ìbáà jẹ́ pé èèyàn ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn alásè kan máa ń da mírìn sí i. Ibi tí ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Mírìn ni ọtí ìrẹsì dídùn. Ojúlówó rẹ̀ ní ọtí tó nǹkan bí 14 nínú 100, ó le ju bíà lọ dáadáa. Sakè, ọtí ìrẹsì tí wọ́n ń mu, ni èkejì rẹ̀, òun náà kò jìnnà sí iye yẹn. Hadíìsì tó ní ohun tí púpọ̀ rẹ̀ bá ń pa èèyàn bí ọtí, díẹ̀ rẹ̀ èèwọ̀ ni, mú àwọn méjèèjì. Wọ́n á sọ fún ọ pé iná ti gbé ọtí inú rẹ̀ lọ. Kì í lọ tán. Lọ́nà tiwa pẹ̀lú, nájísì, ohun ẹ̀gbin, ni ọtí fúnra rẹ̀, ohun tútù tó bá sì dà pọ̀ mọ́ ọn ti bàjẹ́ kí ó tó dórí iná. Bí ẹnì kan bá da ògógóró sínú ìkòkò ẹ̀gúsí ní Kábà, tó ní ó ti hó, ta ni nínú wa tí yóò bù ú jẹ?

Bí o ò bá mọ ibi tí mírìn ń fara pamọ́ sí, wàá sá fún ẹja tó mọ́, wàá wá lọ jẹ ẹyin tí kò mọ́. Ọbẹ̀ dúdú kíki tí wọ́n ń fi kun ẹja gígùn bí ejò tí wọ́n ń pè ní unagi, mírìn àti sakè ni wọ́n fi ń sè é. Òun kan náà ni wọ́n sábà máa ń wọ́n sórí àwọn róòlù mìíràn, ìyẹn súṣì tí wọ́n fi ewé òkun wé, láti fi ṣe ọ̀ṣọ́. Ọbẹ̀ teriyaki tí wọ́n ń fi kun ẹran tàbí ẹja yíyan náà ńkọ́? Bákan náà ni. Ẹyin díndín aládùn tí wọ́n ń gé lé ìrẹsì lórí máa ń ní mírìn. Àpò tófù (wàrà sóyà) aláwọ̀ igi tí wọ́n ń ki ìrẹsì sí nínú, inú omi mírìn ni wọ́n ti sábà ń sè é. Ẹyin ẹja pupa wẹ́wẹ́ máa ń rẹ sínú sakè tàbí mírìn. Àdàmọ̀dì akàn, igi funfun tó ní etí pupa nì, ẹja lílọ̀ ni, mírìn sì wọ́pọ̀ lára ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn páálí rẹ̀. Òun ló wà nínú róòlù tó dínwó jù, nítorí náà òun lèèyàn máa ń kọ́kọ́ mú.

Àfarawé mírìn wà lọ́jà, èyí tí ọtí inú rẹ̀ kò tó 1 nínú 100. Bí alásè bá ní òun ń lo mírìn, ní kí ó fi ìgò hàn ọ́, wo iye tó wà lára rẹ̀. Èyí kékeré yìí kì í ṣe ohun mímu, kò sì lè pa èèyàn bí ọtí, àwọn onímọ̀ kan gbà á láàyè. Èmi ní kí o fi í sílẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí oúnjẹ mìíràn wà.

Sọ́ọ̀sì sóyà yàtọ̀. Bó ṣe ń kan nínú àgbá ni ọtí díẹ̀ ń wá fúnra rẹ̀ sínú rẹ̀, nǹkan bí 2 nínú 100. Kò sẹ́ni tó lè mu ún yó, iyọ̀ inú rẹ̀ á ti dá a dúró tipẹ́. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi gbà á. Èyí tí wọ́n tún mọ̀ọ́mọ̀ da ọtí sí kí ó má bàa bàjẹ́, wọ́n máa ń kọ ọ́ sára ìgò. Yẹra fún un. Ìgò kékeré tó ní àmì hàláàlì kì í wọ́n, fi sínú báàgì rẹ.

Nítorí náà, ohun tí kò ní wàhálà níbẹ̀ ni sàmọ́nù, túnà tàbí edé bíbọ̀ lórí ìrẹsì, àti róòlù kùkúńbà tàbí ti píà, pẹ̀lú atalẹ̀ fínígà àti wàsábì, èròjà aláwọ̀ ewé tó ń ta bí ata. Kí o tó jókòó, béèrè lẹ́ẹ̀kan: kí ni wọ́n pò mọ́ ìrẹsì? Ṣé wọ́n ń ta ẹran ẹlẹ́dẹ̀? Ṣé wọ́n lè lo ọ̀bẹ àti pákó tí wọ́n fọ̀, kí wọ́n má sì wọ́n ọbẹ̀ dúdú sí i? Abu Tha'laba bi Ànábì nípa ìkòkò àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Ó ní bí ẹ bá rí òmíràn, ẹ má lo tiwọn. Bí ẹ ò bá rí, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ jẹun nínú rẹ̀. Bí àwo bá ń gba orí bẹ́líìtì tí ń yí kọjá, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Osaka ní Japan ní ọdún 1958 kí owó oúnjẹ lè wálẹ̀, má mú látorí bẹ́líìtì. Ní kí alásè ṣe tìrẹ lọ́tọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dáhùn, ṣe Bísímílláhì, kí o fọwọ́ ọ̀tún mú igi ìjẹun rẹ. Má tún máa tú oúnjẹ wò bí ọlọ́pàá.

Adìyẹ ibẹ̀, fi sílẹ̀ àyàfi tí wọ́n bá ní ìwé hàláàlì. Ohun tí wọ́n dín, béèrè bóyá inú òróró kan náà ni wọ́n ti ń dín ẹlẹ́dẹ̀.

Ti bíà: Ànábì kọ̀ fún ẹni tó gba Ọlọ́hun àti ọjọ́ ìkẹyìn gbọ́ láti jókòó níbi tábìlì tí ọtí ti ń lọ yí ká. Bí ọtí bá wà lórí tábìlì yín, dìde. Jókòó sí tábìlì mìíràn pẹ̀lú ẹni tí kò mu, tàbí kí o gba tìrẹ lọ sílé. Èyí ló dára jù. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í rò: nígbà tí wọ́n bá ní kí gbogbo yín pín owó dọ́gba, ìwọ náà ti bá wọn ra bíà nìyẹn, ẹni tó ra ọtí sì wà lára àwọn mẹ́wàá tí Ànábì ṣẹ́bi lé nítorí ọtí. San owó ohun tí o jẹ nìkan, kí o sì ti sọ ọ́ kí wọ́n tó gbé oúnjẹ wá.

Ẹja Lọ́kọ́jà, bẹ̀rù Ọlọ́hun lórí rẹ̀. Ọlọ́hun ní ká má fi ọwọ́ ara wa sọ ara wa sínú ìparun. Òfin Bìrìtìkó ni kí ẹja tí wọn ò ní sè ti dì ní òtútù -20 fún wákàtí 24 ó kéré tán, tàbí -35 fún wákàtí 15, kí aràn inú rẹ̀ lè kú. Ẹja tí wọ́n sìn lábẹ́ ìṣọ́, bíi sàmọ́nù, lè bọ́ nínú rẹ̀. Fírísà ilé sábà máa ń jẹ́ -18, iná Kábà kì í sì í dúró títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹja odò bí àrọ̀ àti èpìyà lè ní aràn tí ń wọnú ara èèyàn. Fínígà, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ata kò lè pa aràn wọ̀nyí. Nítorí náà, má fún ẹnikẹ́ni ní ẹja Ọya ní tútù.

Sè é tàbí yan án dáadáa, kí o wá fi ṣe súṣì. Ìrẹsì tí àwọn Háúsá fi ń ṣe túwó, tó wà lọ́jà wa, ń lẹ̀ mọ́ra. Ìrẹsì gígùn á máa tú ni. Fún gíráàmù 300 ìrẹsì kí o tó sè é, pò ṣíbí ọbẹ̀ mẹ́rin fínígà, ṣíbí ọbẹ̀ méjì ṣúgà àti ṣíbí tíì kan iyọ̀, kí o rò ó mọ́ ọn nígbà tó ṣì gbóná. Ṣúgà yẹn ti tó dípò mírìn. Ẹja yíyan, ẹyin àti kùkúńbà ni kí o fi sínú rẹ̀, ìyá rẹ náà á lè bá ọ tọ́ ọ wò.

Àwọn èyí tí o ti jẹ sẹ́yìn láìmọ̀ pé ọtí wà nínú wọn, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ, o ò sì ní tún ìrun kankan kí. Ọlọ́hun ló mọ̀ jùlọ.