Ilé ìwé wo ni kí n fi ọmọ sí ní Àkúrẹ́, ta ni mo sì máa bi léèrè owó?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Houston ni mò ń gbé. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ ti pinnu pé àkọ́bí wa ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, máa lọ gbé lọ́dọ̀ ìyá mi ní Àkúrẹ́, lọ́nà Ọba-Ilé, láti oṣù kẹsàn-án. Níbí, ìjọba Texas máa ń fún ilé ìwé ní máàkì láti A dé F, òfin ìjọba àpapọ̀ sì ti wà láti 2015 pé kí wọ́n kọ iye tí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ń ná lórí ọmọ kan síta. Ní Àkúrẹ́, gbogbo ilé ìwé aládàáni tí mo pè ló ní kò sí irú àwọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má dá ara mi lágara, pé ọ̀fẹ́ ni ti ìjọba. Màmá ní tí mo bá fi ọmọ òun sí ilé ìwé ìjọba, òun ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí, kí ni mo máa fi mọ èyí tó dáa? Ta ni mo sì máa bi léèrè ohun tí wọ́n ń fi owó ṣe?

Ìdáhùn

Àǹtí mi, ẹ kú àníyàn ọmọ. Manchester ni èmi wà. Ọmọ àbúrò mi méjì ni mò ń rán níwèé nílé: èyí obìnrin wà ní ilé ìwé aládàáni ní Àkúrẹ́, èyí ọkùnrin wà ní ti ìjọba ní Oǹdó. Mo ti rí ti ọ̀tún, mo ti rí ti òsì.

Ilé ìwé tí kò bá lè fi àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ hàn yín, ẹ má fi ọmọ síbẹ̀, ìbáà ṣe ti ìjọba, ìbáà ṣe aládàáni. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ẹ ti rí pátákó wọn lójú títì, fọ́tò ọmọ kan ṣoṣo tó gba A jọ nínú WAEC. Ẹ má wo ọmọ yẹn. Ẹ béèrè pé ọmọ mélòó ló jókòó ṣe ìdánwò, mélòó nínú wọn ló ní kírẹ́díìtì márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà níbẹ̀, fún ọdún mẹ́ta léra wọn. Kí ẹ lè rí ohun tí ẹ máa fi wé e: ní gbogbo Nàìjíríà, WAEC ní ìdá 79.81 nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà á ní 2023, 72.12 ní 2024, 62.96 ní 2025. (Ti 2025 yẹn, 38.32 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde, kí wọ́n tó rí àṣìṣe nínú máàkì, tí wọ́n sì tún un ṣe.) Pírínsípà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ò ní wá èsì yìí tì, ti gbogbo kíláàsì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ tún béèrè ibi tí wọ́n ti ṣe ìdánwò náà. Ilé ìwé kan tí mo kọ́kọ́ wò fún ọmọbìnrin wa, èsì wọn ń dán. Ìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn lára ni mo gbọ́ pé abúlé kan ni wọ́n máa ń kó àwọn ọmọ SS3 lọ láti ṣe WAEC. Ilé ìwé tó ní gbọ̀ngàn tirẹ̀ ní ìgboro Àkúrẹ́! Kí ni wọ́n ń wá lọ sí abúlé, bí kò bá ṣe màgòmágó ìdánwò? Mo kúrò níbẹ̀. Ọmọ tó bá gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wọ yunifásítì bíi FUTA, ọdún kìíní ló máa mọ̀ pé wọn ò kọ́ òun ní nǹkan kan.

Èyí tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni nótù. Ẹ wá ẹnì kan ládùúgbò tí ọmọ rẹ̀ ń lọ síbẹ̀, kó ya nótù Ìṣirò ọmọ náà ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mo rí ti ilé ìwé kan tí owó rẹ̀ ga: gbogbo ojú ewé ni tíṣà fi báírò pupa fa máàkì gbọọrọ lé, títí kan ibi tí ọmọ ti kọ 3/4 + 1/4 = 4/8. Kò kà á rárá. Nótù ọmọ wa ní Oǹdó ti ya létí, ṣùgbọ́n tíṣà fa ìlà sábẹ́ ibi tó ti ṣì í, ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé kó tún un ṣe, àtúnṣe náà sì wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú déètì. Ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ní NCE ni ìwé-ẹ̀rí tó kéré jù fún tíṣà. Ọ̀pọ̀ aládàáni ni kì í tẹ̀lé e, torí owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń san. Èrò ló ń da ti ìjọba láàmú. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan bá yín ka àga, kó sì ka orí ọmọ.

Ní ti owó, Texas ṣòfin ní 2025 láti fún òbí lówó tó bá fẹ́ ilé ìwé aládàáni. Kò sí irú ẹ̀ nílé: kọ́bọ̀ tí ẹ bá san, tiyín ni. Ti ìjọba, òfin UBE (ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ) ti 2004 sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ láti praimárì 1 dé JSS 3, ó sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹnikẹ́ni gba owó ilé ìwé lọ́wọ́ ọmọ. Tí wọ́n bá ní owó lẹ́sìn tàbí owó àga, ẹ béèrè rìsíìtì àti ẹni tó fọwọ́ sí i. Ìjọba àpapọ̀ ń ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún àpò rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ètò náà, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀ kí UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ètò náà, tó fún un ní owó ìkọ́lé. Tí kò bá fi sílẹ̀, owó á jókòó sí Abuja, òrùlé á sì máa jò lé ọmọ lórí.

Ẹ lè béèrè. Òfin FOI ti 2011, èyí tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba, gbà kí ẹnikẹ́ni kọ lẹ́tà sí SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀ Oǹdó: èló lẹ gbà, èló lẹ ná sórí ilé ìwé yìí, ta ni agbáṣẹ́ṣe? Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fèsì, ẹ ò sì ní láti sọ ìdí. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń jiyàn pé òfin yẹn ò kan àwọn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ parí ìyẹn ní oṣù kẹrin 2025: ó ní ó kan gbogbo ìpínlẹ̀.

Ẹ bá mi rán Màmá létí pé ọwọ́ wa ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Awólọ́wọ̀ gbé ti praimárì kalẹ̀ ní 1955. Ajásin, tó ti ṣe pírínsípà Imade College ní Ọ̀wọ̀, sọ sẹ́kọ́ńdírì di ọ̀fẹ́ nígbà tó di gómìnà Oǹdó ní 1979. Inú ilé ìwé ìjọba ni ọ̀pọ̀ wa ti jáde. Ó ń dùn mí pé a ti ń sá fún un bí ẹni ń sá fún àrùn.

Tó bá jẹ́ èmi, aládàáni tó bá wà nítòsí Màmá, tó fi èsì hàn mí, tó ń ṣe WAEC ní ilé ara rẹ̀, tí nótù rẹ̀ dáa, mo gbà. Tí kò bá sí, ti ìjọba ni màá mú, màá wá tíṣà Ìṣirò tó máa wá sílé lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fò ó lọ sí JSS 2 torí pé ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì o. JAMB ò gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, àfi àwọn díẹ̀ tí orí wọn pé jọjọ, kò sí ohun tó ń lé e. Tí nótù bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó san owó fọ́ọ̀mù, ká jọ wò ó.