Epo pupa kì í pa ọtí: oúnjẹ wo ló bá wisikí mu?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ pe ọ̀rẹ́ méje wá sílé mi n'Íbarà, l'Ábẹ́òkúta, ká jọ tọ́ wisikí mẹ́ta wò: ọ̀kan láti Speyside ní Scotland, bourbon kan, ìyẹn wisikí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àti ọ̀kan láti Islay, erékùṣù kan ní Scotland. Oúnjẹ wo ni kí n gbé kalẹ̀? Ẹnìkan ní kí kálukú kọ́kọ́ mu ṣíbí epo pupa kan kí ọtí má baà pa wọ́n, torí méjì nínú wọn máa wakọ̀ padà s'Ékòó lálẹ́.

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká fi oúnjẹ sílẹ̀ ná. Àwọn méjì tó fẹ́ wakọ̀ yẹn kò gbọdọ̀ mu rárá. Tí wọ́n bá fẹ́ mu, kí wọ́n sùn sílé yín mọ́jú.

Ọ̀rọ̀ epo yìí ń bí mi nínú. Gbogbo ibi tí wọ́n bá pè mí sí láti wá ṣètò ọtí ni mo ti ń gbọ́ ọ. Bí kì í bá ṣe epo, wọ́n á ní mílíìkì ni, tàbí kọfí. Ẹni tó bá sì gbà á gbọ́ á mu kọjá ìwọ̀n, á tún di ọwọ́ ọkọ̀ mú.

Díẹ̀ nínú ọtí ló ń gba ara ikùn wọnú ẹ̀jẹ̀. Ìfun kékeré ló ń gba èyí tó pọ̀ jù. Tí oúnjẹ bá wà níkùn, ó máa ń pẹ́ kí ọtí tó dé ìfun, nítorí náà á rọra wọ ara. Mo ní á rọra wọ̀ ọ́ o, mi ò ní kò ní wọ̀ ọ́. Ẹ̀dọ̀ ló máa palẹ̀ rẹ̀ mọ́, epo kò sì lè mú kí ẹ̀dọ̀ yára. Ṣọ́ọ̀tì kan, ìyẹn 30 mìlílítà wisikí tí agbára rẹ̀ jẹ́ 40 nínú 100, máa gba ẹ̀dọ̀ tó wákàtí kan, ti ẹlòmíì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó mu mẹ́rin láàárín aago méje sí mẹ́sàn-án, ọtí ṣì wà lára rẹ̀ ní aago mọ́kànlá. Kọfí lè lé oorun lójú rẹ̀, ọtí ò ní tìtorí ẹ̀ kúrò lẹ́jẹ̀.

Èmi kì í ṣe dókítà. Ẹni tó bá ń lo oògùn tàbí tó ní àìsàn ẹ̀dọ̀, kó bi dókítà rẹ̀ kó tó wá. Aláboyún kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò.

Ó wá ku oúnjẹ. Ẹ fún wọn ní láfún àti ewédú jẹ yó kí ẹ tó ṣí ìgò kankan, Ẹ̀gbá ṣáà ni yín. Ìpanu ni ẹ máa fi tọ́ ọtí wò.

Ẹ má fi ata sí i. Iṣan kan náà tí ata ń ta lẹ́nu ni ọtí líle náà ń ta, tí méjèèjì bá pàdé, ẹnu á kàn máa jó ni, ẹ ò ní mọ adùn kankan. Tí ẹ bá máa ra súyà, ẹ sọ fún mọ́là kó má wọ́n yajì sí i. Ayamaṣẹ, ẹ gbé e pamọ́ dọ̀la.

Speyside ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú wàrà díndín àti ẹ̀pà kajú. Bourbon ló tẹ̀ lé e: inú àgbá igi tuntun tí wọ́n fi iná jó ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, ibẹ̀ ló ti ń rí adùn bíi ṣúgà tó jó díẹ̀. Dòdò ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n dáadáa ló bá a mu jù lọ. Ẹ gbé ti Islay sẹ́yìn, torí èéfín rẹ̀ kì í tètè kúrò lẹ́nu. Èéfín peat, ilẹ̀ àbàtà tí wọ́n gbẹ́ tí wọ́n sì sá gbẹ, ni wọ́n fi ń gbẹ ọkà rẹ̀. Ẹ ra ẹja àrọ̀ gbígbẹ lọ́jà Kútọ̀, ẹ yọ egungun rẹ̀, ẹ gé e wẹ́wẹ́. Èmi ò tíì rí oúnjẹ tó bá ọtí yẹn mu tó ẹja wa yìí.

Mìlílítà 15 ti tó ẹnìkan lórí ìgò kọ̀ọ̀kan. Ẹ kán omi díẹ̀ sí i, ẹ má fi yìnyín sí i, kí kálukú sì mu ife omi kan kó tó bọ́ sórí ìgò mìíràn. Àwọn ará Èkó méjèèjì, ẹ bu tiwọn sínú ìgò kéékèèké, kẹ́ ẹ wé ẹja mọ́ ọn, kí wọ́n lọ tọ́ ọ wò nílé.