Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá ìnáwó wà ní gbọ̀ngàn wọn

Ẹ̀yin tí ẹ ń bèèrè bóyá kí ẹ kó àlejò ìdána yín sí òtẹ́ẹ̀lì ńlá l'Abẹ́òkúta nítorí orúkọ tó ní, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

Ọdún tó kọjá la ṣe ìdána ọmọ mi obìnrin. Èkó làwọn àna wa ti wá, ọkọ̀ ojú irin ló já wọn sí Láderin lọ́jọ́ Ẹtì. Èmi bàbá ìyàwó ní èèwọ̀, n kò ní kó wọn sí ilé àlejò lásán. Mo gba yàrá márùn-ún níbi tí gbogbo wa fi ń yangàn. ₦80,000 ni wọ́n pe yàrá kan lóru kan lórí fóònù. Ìgbà tí mo dé iwájú káńtà ni VAT 7.5% yọjú, owó iṣẹ́ 10% tẹ̀ lé e, ló bá di ₦94,000. Wọ́n tún gba kọ́ṣọ̀n lé e, owó ìdógò tó yẹ kí wọ́n dá padà fún mi tí a bá ti kúrò.

Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ń dán gbinrin, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Lífítì ò ṣiṣẹ́, àjà kẹrin ni yàrá wa sì wà. Ìyá ọkọ ọmọ mi, àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, dúró láàárín àtẹ̀gùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní, "Àna wa, ṣé Olúmọ la ń gùn yìí?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi ò dé ọ̀fun.

Òru ló wá burú jù. Wọ́n ti fọ́nnu fún mi pé Band A làwọn, ìyẹn ìpele àwọn tó ń rí iná mànàmáná jù lọ. Òótọ́ ni, àmọ́ wákàtí 20 lójúmọ́ ni Band A ṣèlérí. Wákàtí mẹ́rin tó kù, alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n fi tiwa sí. Olówó kan sì ń ṣe ọjọ́ ìbí nísàlẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ o, gbọ̀ngàn ló ń ṣiṣẹ́ fún. Gílóòbù tàn ní yàrá, AC ò mí. Bí a bá ṣí fèrèsé, fújì á wọlé. Bí a bá tì í, ooru á pa wá. Aago méjì òru ti lù kí wọ́n tó tú ká.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ti tán nínú táǹkì, àwọn alásè ti fi fọ ìkòkò. Aṣọ òkè wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ ò tíì wẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pọn omi gun àtẹ̀gùn, korobá kan sí yàrá kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn àna wa. Ìyá yìí ní, "Ẹ má ṣèyọnu. Ìyàwó la wá gbé, a ò wá wẹ̀." Títí dòní ni ọ̀rọ̀ yẹn ń ta mí létí.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé mo tún sun òtẹ́ẹ̀lì yẹn kan náà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan lẹ́yìn náà, ọ̀rẹ́ mi ló sanwó. Omi gbóná, AC tutù, lífítì pàápàá ń lọ! Ibẹ̀ ló ti yé mi. Ìnáwó òpin ọ̀sẹ̀ àtàwọn ìpàdé tó ń ti Òkè-Mósàn, ọ́fíìsì gómìnà, wá ló ń bọ́ wọn, kì í ṣe yàrá. Lọ́jọ́ tí gbọ̀ngàn bá kún, ẹni tó wà lókè ti di ọmọ ìyá kejì. Ọjọ́ Sátidé sì ni ìdána tiyín.

Ẹ má wo ìràwọ̀ ara pátákó. Ní ilẹ̀ Faransé, ìràwọ̀ òtẹ́ẹ̀lì kì í kọjá ọdún 5 kí wọ́n tó tún un yẹ̀ wò. Tiwa níbí, kí ẹ bi wọ́n ta ló fún wọn, kẹ́ ẹ wo ojú wọn.

Ẹ lọ fúnra yín. Ẹ ní kí wọ́n ṣí yàrá tí ẹ máa sùn gan-an, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń ṣe àfihàn. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi wò. Ẹ bèèrè bóyá jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé gbọ̀ngàn náà ló ń gbé yàrá. Ẹ gba gbogbo iye owó sínú ìwé, VAT àti gbogbo rẹ̀.

Àwọn àna wa tún wá fún ìkómọ. Ilé àlejò kékeré kan ní Ìbarà ni mo kó wọn sí, tí kò ní gbọ̀ngàn rárá. Wọ́n sùn, wọ́n wẹ̀, wọ́n tún rí láfún jẹ níbẹ̀, oúnjẹ tí òtẹ́ẹ̀lì ńlá wa nílẹ̀ Ẹ̀gbá ò kọ sínú ìwé oúnjẹ rẹ̀.

Kọ́ṣọ̀n mi ńkọ́? Wọ́n ní akáǹtáǹtì àwọn ò tíì dé.