Níbo ni kí n ti rí ìwé ọwọ́ Ààrẹ Truman?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o sà. Hístírì ni mò ń kà, mo wà ní 300 level, Ìgbógbó ní Ìkòròdú ni mò ń gbé. Lẹ́kíṣọ̀ wa ní ká kọ nípa bí Ààrẹ Truman ti Amẹ́ríkà ṣe pinnu láti ju bọ́ǹbù átọ́míìkì sí Japan ní 1945, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ Wikipedia, primary source làwọn fẹ́. Mi ò lówó Amẹ́ríkà sà, dátà gan-an mò ń ṣọ́ ọ lò ni. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o ṣeun tóo béèrè kóo tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Iṣẹ́ ìtọ́jú ìwé àtijọ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ohun tí mo sì rí ni pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á wá ìwé rí, ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ ni wọn kì í wò. Ará Ìkòròdú ni ẹ́, o mọ ẹjọ́ ilẹ̀. Tí ìdílé méjì bá ń fa púlọ́ọ̀tì kan mọ́ra wọn lọ́wọ́, rìsíìtì tí wọ́n kọ lọ́jọ́ tí wọ́n sanwó ọ̀tọ̀ ni, ìtàn tí bàbá wá ń sọ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún ọ̀tọ̀ ni, bàbá lè má parọ́ o, ṣùgbọ́n ó ti mọ ibi tọ́rọ̀ já sí kó tó lanu. Bí ìwé àwọn Ààrẹ náà ṣe rí nìyẹn. Torí náà kóo tó tan dátà rárá, fa ìlà kan sórí pépà, kọ 6 oṣù kẹjọ 1945 tí wọ́n jù ú sí Hiroshima sáàárín, ìwé tó ṣáájú ẹ̀ lápá kan, èyí tó tẹ̀lé e lápá kejì.

Àwọn ìwé Truman wà ní láíbìrì tí wọ́n fi sọrí ẹ̀ nílùú Independence ní ìpínlẹ̀ Missouri, ìjọba àpapọ̀ wọn ló ń tọ́jú ẹ̀, wọ́n sì ti gbé púpọ̀ nínú ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ kóo jókòó tì dáadáa ni 25 oṣù keje. Truman wà ní Potsdam ní Jámánì, ó kọ ọ́ sínú dáyárì ẹ̀ pé òun ti sọ fún Stimson tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ogun pé sójà àti ibi iṣẹ́ ogun ni kí wọ́n dojú bọ́ǹbù náà kọ, kì í ṣe obìnrin àtọmọdé. Ọjọ́ yẹn gan-an náà ni Ọ̀gágun Handy, tó ń dúró fún ọ̀gá àgbà àwọn sójà, fọwọ́ sí àṣẹ ní Washington pé kó lọ bá Ọ̀gágun Spaatz tó ń darí àwọn ọkọ̀ òfuurufú ajubọ́ǹbù níbẹ̀, àṣẹ yẹn dárúkọ ìlú mẹ́rin, Hiroshima, Kokura, Niigata àti Nagasaki, ìlú tóbìnrin àtọmọdé kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Tóo bá ka dáyárì nìkan o máa ní ọkùnrin yìí ṣàánú, tóo bá ka àṣẹ nìkan o máa ní kò láàánú, àfi kóo gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kóo wá bi ara ẹ pé kí ni wọ́n sọ fún un pé Hiroshima jẹ́. Kóo sì wo ìparí àṣẹ yẹn, mínísítà ogun àti ọ̀gá àgbà àwọn sójà, ìyẹn Marshall, ló ní wọ́n fọwọ́ sí i, kò dárúkọ Ààrẹ.

Ibí yìí làwọn èèyàn ti máa ń ṣìnà. Bébà kékeré kan wà tí Truman fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ní 31 oṣù keje pé òun fara mọ́ àbá wọn, kí wọ́n gbé e jáde tó bá ti ṣe tán, kó má ṣáà ṣáájú 2 oṣù kẹjọ. Àwọn míì á ní àṣẹ bọ́ǹbù rèé, bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ fún àwọn oníròyìn tí bọ́ǹbù bá ti bọ́ ni Stimson fi tẹlígíráàmù béèrè, òun ló ń dá lóhùn. Má ka èsì láìka ìwé tó ń fèsì sí, láéláé.

Tóo bá ń wá ibi tí ìpinnu Ààrẹ ti hàn kedere lórí pépà, lójú tèmi 10 oṣù kẹjọ ni, ọjọ́ tó tẹ̀lé ọjọ́ tí wọ́n ju bọ́ǹbù kejì sí Nagasaki. Ọ̀gágun Groves, tó ń darí iṣẹ́ ṣíṣe bọ́ǹbù náà, kọ̀wé sí Marshall pé bọ́ǹbù míì ò ní pẹ́ ṣe tán, Marshall wá fọwọ́ kọ ọ́ sí i pé wọn ò gbọdọ̀ jù ú sí Japan láìjẹ́ pé Ààrẹ fúnra ẹ̀ pàṣẹ. Wàá rí i pé ìdádúró yẹn ló lórúkọ Ààrẹ nínú, àṣẹ àkọ́kọ́ ò ní in.

Ọ̀rọ̀ iye ẹ̀mí náà, ṣọ́ra fún un. Lọ́dún 1955, nínú ìwé tí Truman kọ nípa ayé ara ẹ̀, ó ní Marshall sọ fóun pé ìdajì mílíọ̀nù ọmọ Amẹ́ríkà lè kú táwọn bá fẹsẹ̀ wọ Japan, ṣùgbọ́n nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé 18 oṣù kẹfà 1945, ohun tí Marshall sọ nípa ọgbọ̀n ọjọ́ àkọ́kọ́ ní Kyushu, erékùṣù Japan tí wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ wọ̀, ni pé kò yẹ kó ju ti Luzon ní Philippines lọ, ti Luzon sì jẹ́ 31,000, òkú, ẹni tó fara gbọgbẹ́ àtẹni tó sọnù pa pọ̀. Lo méjèèjì, kọ ọjọ́ ìkọ̀ọ̀kan sí i.

Ti dátà ńkọ́? National Security Archive ní George Washington University ti kó ọ̀pọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí sójú kan láti 2005, kì í ṣe ilé iṣẹ́ ìjọba o. Èyí tí wọ́n ti tẹ̀ ni kóo kà, fọ́tò ìwé ló ń jẹ dátà, nínú fọ́tò yẹn, èyí tóo bá máa tọ́ka sí nìkan ni kóo ṣí. Tóo bá há, fi ímeèlì ránṣẹ́ sáwọn láíbìrì yẹn, iṣẹ́ wọn ni, ṣùgbọ́n má kọ pé "ẹ fún mi ní gbogbo ìwé Truman", dárúkọ ìwé àtọjọ́ ẹ̀. Tóo bá ń kọ ibi tóo ti rí i, kọ orúkọ ìwé, ẹni tó kọ ọ́, ọjọ́ ẹ̀, àkójọ tó wà àti láíbìrì, má kàn lẹ línkì mọ́ ọn.

Dáyárì yẹn àti àṣẹ Handy ni kóo kọ́kọ́ kà lálẹ́ yìí, méjèèjì ò gùn.