Ẹ Bi Wá: Fáírọ́ọ̀sì àtijọ́ inú DNA wa, ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́?

Ìbéèrè: Mo kà á pé fáírọ́ọ̀sì àtijọ́ wà nínú DNA gbogbo èèyàn. Ṣé ó lè ran ẹlòmíì?

Ìdáhùn: Rárá, kì í ranni. Nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 DNA wa ló jẹ́ ti àwọn fáírọ́ọ̀sì tó wọ inú àtọ̀ tàbí ẹyin àwọn tó ṣáájú wa ní ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún sẹ́yìn, tí òbí sì ń gbé lé ọmọ lọ́wọ́ títí dòní. Ọjọ́ ti pẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti bàjẹ́. Èyí tó pọ̀ jù kò ṣẹ́ kù ju LTR lọ, ìyẹn ìpẹ̀kun fáírọ́ọ̀sì tó máa ń pàṣẹ pé kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn kan ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ ńlá sì ni. Syncytin-1, tó ti ara jíìnì HERV-W kan (HERV ni orúkọ àwọn fáírọ́ọ̀sì àtijọ́ inú DNA èèyàn) lórí krómósómù 7 wá, ló ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì ibi ọmọ yọ́ pọ̀ di awọ kan ṣoṣo láàárín ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ti ọmọ. Ọgbọ́n tí fáírọ́ọ̀sì fi ń wọnú sẹ́ẹ̀lì ni ara wa sọ di tirẹ̀ yẹn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi qPCR (ọ̀nà tó ń sọ DNA di púpọ̀ láti fi wọn iye rẹ̀) wọn RNA gag, jíìnì kan nínú HERV-K, nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. RNA ni ẹ̀dà tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe láti ara DNA tó bá ń ṣiṣẹ́. Ct, ìyẹn iye ìyípo kó tó hàn, jẹ́ 24, ṣùgbọ́n èyí tí mi ò fi RT (ẹ́ńsáìmù tó ń sọ RNA di DNA) sí náà jẹ́ 27. Ṣé mo lè kọ ọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì kọ ọ́. DNA ṣì wà nínú RNA yín. Ìyípo 3 péré ló wà láàárín 24 àti 27; ìyípo kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po méjì, ìlọ́po 8 nìyẹn. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ohun tí ẹ rí kì í ṣe RNA rárá. Fún jíìnì mìíràn, èèyàn lè gbé práímà (ègé DNA kékeré tó ń tọ́ka ibi tí qPCR máa wọ̀n) sójú ibi tí exon méjì, ìyẹn apá jíìnì tó ń ṣẹ́ kù sínú RNA, ti so pọ̀, kí DNA má baà dá sí i. Gag kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀, ẹ̀dà HERV-K sì pọ̀ káàkiri DNA.

Fún RNA µg 1, ẹ fi DNase I (ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ DNA run) unit 1 sí i, kó wà ní 37°C fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ fi EDTA, èròjà tó ń di magnésíọ̀mù mú, sí i kí ẹ tó gbé e sí 65°C fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ má gbàgbé EDTA yẹn o. Láìsí i, magnésíọ̀mù á já RNA yín sí wẹ́wẹ́ nínú ooru. Àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ ní aláìní-RT tirẹ̀. Bí àlàfo bá tó ìyípo 7, DNA ò ní tó ìdá 1 nínú 100 mọ́.

Èyí tó kù ni pé práímà yín kò lè sọ ẹ̀dà wo gan-an ló ń ṣiṣẹ́. RNA-seq, ìyẹn kíka lẹ́tà inú ègé RNA kọ̀ọ̀kan, lè sọ ọ́, bó bá jẹ́ irú èyí tó ń fi ìhà DNA hàn. Àmọ́ bí ẹ kò bá yí ètò STAR (sọ́fítíwíà tó ń wá ibi tí ègé kọ̀ọ̀kan ti wá lórí DNA) padà, ó máa ń da ègé tó bá ibi tó ju 10 lọ mu nù. Ẹ gbé outFilterMultimapNmax sí 100, kí Telescope, sọ́fítíwíà mìíràn, wá pín wọn síbi tó yẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ibẹ̀ wò nínú IGV, sọ́fítíwíà tó ń fi ibi tí ègé RNA bọ́ sí lórí DNA hàn. Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, ó sì ń dùn wá. Ẹ̀dà tó bá wà nínú intron (apá tí wọ́n ń gé kúrò nínú RNA) jíìnì mìíràn lè dà bí èyí tó ń ṣiṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pé jíìnì yẹn ló kàn ń gbé e kọjá. Bí RNA bá bẹ̀rẹ̀ láti inú LTR, tirẹ̀ ni. Bó bá ti ń bọ̀ láti ibi tó ṣáájú LTR láìdá, kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ fi sẹ́ẹ̀lì NCCIT, irú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kan tí wọ́n ń tọ́ ní yàrá ìwádìí, kún un. HERV-K máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀; bí tibẹ̀ náà ò bá gbéra, práímà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.