Kí ni «lílu ààlà» nínú ìwé ìjọ abúlé Gẹ̀ẹ́sì?

Ìbéèrè: Mo ń ka ìwé ìnáwó ìjọ abúlé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Wọ́n ra búrẹ́dì, wàràkàṣì àti ọtí fún ọjọ́ tí wọ́n «lu ààlà». Kí ni ààlà ṣe tí wọ́n fi ń lù ú?

Ìdáhùn: «Beating the bounds» ni wọ́n ń pè é. Ká ní èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀, «títọ ààlà» ni mi ò bá kọ, torí ìrìn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní àwọn ọjọ́ tí ó ṣáájú Ìgòkè-re-ọ̀run, àlùfáà, àwọn alámòójútó ìjọ, àgbà àti ọmọdé á fi ẹsẹ̀ yí páríìṣì, ìyẹn agbègbè tó wà lábẹ́ ìjọ kan, ká. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń na òkúta àti igi tó wà lórí ààlà. Ní 1559, Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní pàṣẹ pé kí àlùfáà máa rán wọn létí ègún tó wà lórí ẹni tó bá ṣí ààlà ẹnìkejì rẹ̀. Níbòmíràn, ìdí igi óákù ni wọ́n ti ń ka Ìhìnrere. Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù mọ àdúgbò Gospel Oak («igi óákù Ìhìnrere»), ibẹ̀ ni orúkọ yẹn ti wá.

Àwọn ọmọdé gan-an ni ìwé àkọsílẹ̀. Wọ́n á gbé ọmọkùnrin, wọ́n á fi ìdí rẹ̀ gbá òkúta ààlà, tàbí kí wọ́n nà án níbẹ̀, kí ó má baà gbàgbé láéláé. Kò sí máàpù lọ́wọ́ wọn. Bí ẹjọ́ ilẹ̀ bá dé lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, ẹnu ọmọ náà, tó ti di arúgbó, ni ẹ̀rí á ti jáde. Bàbá tó bá ti mú ọmọ rẹ̀ lọ sóko láti fi pèrègún ààlà hàn án mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló wà nídìí rẹ̀. Láti 1601, òfin ní kí páríìṣì kọ̀ọ̀kan gba owó lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀ láti fi bọ́ tálákà rẹ̀. Láti 1662, wọ́n lè dá àlejò tí kò lówó padà sí páríìṣì tó ni ín. Ìdámẹ́wàá irè oko náà tún wà níbẹ̀. Nítorí náà, bí ilé opó kan bá wà lórí ààlà, ó di dandan kí wọ́n mọ ẹni tí yóò bọ́ ọ.

Lẹ́yìn òfin ìdámẹ́wàá ti 1836, wọ́n ya máàpù ọ̀pọ̀ páríìṣì, ìwúlò àṣà náà sì dínkù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìjọ kan ṣì ń ṣe é. Ẹ má wá a nínú rẹ́jísítà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1538: ìsàmì, ìgbéyàwó àti ìsìnkú ló wà níbẹ̀. Inú ìwé ìnáwó tó wà lọ́wọ́ yín yẹn ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ọtí.